Meyer, Meier, Maier, Mayr: ohun tí orúkọ ìdílé kan ní Jámánì ń sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa.

Orúkọ tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí kò le lẹ́nu rárá: "Máyà" ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dárúkọ yìí lórí fóònù fún akọ̀wé báńkì tàbí ti ilé ìwòsàn ní Jámánì, ìbéèrè ni yóò tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: "A ni àbí E? I ni àbí Y?" Ohùn kan ṣoṣo yìí ní ọ̀nà mẹ́jọ tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Ẹ kọ M, kí ẹ fi E tàbí A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà I tàbí Y, kí ẹ wá pinnu bóyá E mìíràn yóò wà ṣáájú R tó kẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa rí nìyí: Meier, Meyer, Maier, Mayer, Meir, Meyr, Mair, Mayr. Méjì nínú wọn, Meir àti Meyr, ṣọ̀wọ́n. Àwọn mẹ́fà tó kù wọ́pọ̀ lára ilẹ̀kùn ilé àwọn ènìyàn.

Ohun tí a ń bọ̀ wá fi hàn nìyí. Orúkọ náà ń sọ iṣẹ́ tí baba ńlá kan ṣe. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sì máa ń sọ ìhà tí baba ńlá náà ti wá. Ìdílé gan-an ni kò lè sọ. Meyer méjì ní abúlé méjì tó fara kanra lè máà jẹ́ ìbátan ara wọn láé.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Maior níbẹ̀ ni ẹni tó tóbi ju èkejì lọ. Ní ààfin àwọn ọba Frank, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Faransé àti Jámánì lónìí, maior domus ni olórí agboolé ọba, ẹni tí àwọn òpìtàn Jámánì ń pè ní Hausmeier. Agbára ipò yìí pọ̀ débi pé Pippin tó wà níbẹ̀ rọ ọba tó kẹ́yìn nínú ìran Merovingian lóyè ní ọdún 751, ó sì gorí ìtẹ́ fúnra rẹ̀. Ọmọ Pippin yìí ni Charlemagne, ọba ńlá tó jọba lé e. Kí ẹni tó ń jẹ́ Meyer má tíì torí èyí máa yan o. Àwọn Meier tí orúkọ ìdílé ti ọ̀dọ̀ wọn jáde kì í ṣe ará ààfin. Alábòójútó oko ni wọ́n.

Ní ayé Charlemagne, ní nǹkan bí ọdún 800, wọ́n kọ òfin kan lórí bí wọ́n á ṣe máa ṣàkóso àwọn oko ọba. Capitulare de villis ni wọ́n ń pè é ní èdè Látìn. Orí 26 nínú rẹ̀ sọ pé maior kan kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ju èyí tó lè yí ká tán láàárín ọjọ́ kan lọ. Orí 60 ló tún wúlò jù fún wa: kí wọ́n má ṣe yan maior láàárín àwọn alágbára, kí wọ́n mú un láàárín àwọn mẹ̀kúnnù tó ní láárí díẹ̀, tó sì jẹ́ olóòótọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Oko ọba tí wọ́n bá fi lé alágbára lọ́wọ́ kì í pẹ́ di oko alágbára.

Kí ni Meier ń ṣe gan-an? Ọba, ìjòyè, bíṣọ́ọ̀bù àti ilé àwọn mọ́ńkì ló ni ilẹ̀ nígbà náà. Apá kan nínú ilẹ̀ náà wà fún onílẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú agboolé oko ńlá kan láàárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Fronhof. Apá tó kù wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ìpín tirẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yìí ń san ìṣákọ́lẹ̀: ọkà, ẹyin, adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀, nígbà mìíràn owó. Wọ́n sì tún ń fi iye ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní oko onílẹ̀. Inú Fronhof ni Meier ń gbé. Òun ló ń pe ènìyàn síṣẹ́, òun ló ń ka ọkà tó wọlé, òun ló ń tọ́jú irúgbìn tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ àti ẹran tí yóò fa ohun ìtúlẹ̀, òun náà ló sì máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́ kéékèèké. Onílẹ̀ lè máà yọjú láti ọdún dé ọdún. Meier ni gbogbo abúlé ń rí lójoojúmọ́, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀.

Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1300 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Owó ti ń yí lọ́jà, ó sì rọ onílẹ̀ lọ́rùn láti fi oko rẹ̀ háyà ju kó máa ka ẹyin lọ. Ẹni tí wọ́n sì fi háyà jù ni Meier tó ti wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìránṣẹ́ onílẹ̀ ṣe di àgbẹ̀ ńlá tó ń san owó ilẹ̀. Ní Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù, Meier wá túmọ̀ sí àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tóbi jù ní abúlé. Ní ìhà Hannover àti Braunschweig ní àríwá, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn: òfin ilẹ̀ kan fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Meierrecht, èyí tó jẹ́ kí ọmọ lè jogún ilẹ̀ háyà baba rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pín àwọn àgbẹ̀ sí Vollmeier, tó ní oko odindi, àti Halbmeier, tó ní ìdajì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ẹnì kan nínú agboolé oko kan tẹ́lẹ̀ wá tó ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ í pè níhà ibẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà bá a nígbà tí a bá dé orí iye.

Nígbà ayé Charlemagne, orúkọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń jẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1100 ni orúkọ ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù, irú bíi Köln, ó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìgbèríko. Ní Friesland ní etí òkun àríwá, àwọn ènìyàn ṣì ń fi orúkọ baba ṣe orúkọ ọmọ títí di ìgbà tí àṣẹ Napoleon dé ní 1811. Àwọn Heinrich, Johann àti Konrad ti pọ̀ jù. Akọ̀wé owó-orí gbọ́dọ̀ fi nǹkan ya wọ́n sọ́tọ̀. Heinrich tó jẹ́ Meier di Heinrich Meier, ọmọ rẹ̀ tó di aránṣọ náà sì ń jẹ́ Meier lọ.

Ẹ wo Balógun nílẹ̀ wa. Oyè ogun ni. Ìbàdàn ní Balógun, Ìjẹ̀bú-Òde ní, Ìlọrin ní, ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn sì ní. Àwọn ọmọ olóyè fi oyè náà ṣe orúkọ ìdílé nígbà tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba dé. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ baba kan náà ni gbogbo Balógun. Bí ọ̀rọ̀ Meyer ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibi tí onílẹ̀ bá ti ní oko, Meier wà níbẹ̀. Orúkọ náà sì hù ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ èkejì. Ohun tó jẹ́ kí Müller (ẹni tó ń lọ ọkà), Schmidt (alágbẹ̀dẹ), Schneider (aránṣọ) àti Weber (ahunṣọ) pọ̀ náà nìyẹn.

Bí Meier bá pé méjì sí mẹ́ta ní agbègbè kan, orúkọ náà nìkan kò yanjú ìṣòro mọ́. Wọ́n á fi ibi tí oko wà kún un. Obermeier ni ti òkè, Niedermeier ti ìsàlẹ̀. Ostermeier wà ní ìlà-oòrùn, Westermeier ní ìwọ̀-oòrùn. Ti Kirchmeier wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ti Bachmeier létí odò kékeré, ti Lindemeier níbi tí igi linden wà. Steinmeier ní òkúta nítòsí. Ààrẹ Jámánì, Frank-Walter Steinmeier, ìlú Detmold ni wọ́n bí i sí ní 1956, ní ilẹ̀ Lippe, ọ̀kan lára ibi tí irú orúkọ alápapọ̀ yìí ti kún fọ́fọ́. Niemeyer náà ti àríwá ni: "nie" ni wọ́n ń pe ohun tuntun nínú èdè ìbílẹ̀ wọn, tí ará gúúsù ń pè ní "neu". Meyer tuntun, ẹni tí oko rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Orúkọ yìí la òkun kọjá lọ sí Brazil pẹ̀lú àwọn ará Hannover, òun sì ni Oscar Niemeyer ń jẹ́, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Rio de Janeiro ní 1907, tó ya àwọn ilé ìjọba ní Brasília.

Ní ìlà-oòrùn Westfalen àti ní Lippe, ẹ tún máa rí èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Meyer zu Bexten, fún àpẹẹrẹ, ìyẹn Meyer ti oko Bexten. Àwọn àlejò máa ń rò pé ọmọ ìjòyè ni wọ́n nítorí "zu" yẹn. Rárá o. Àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ tó rí jẹ dáadáa ni. Nínú ìwé, abẹ́ M ni kí ẹ ti wá wọn, kì í ṣe abẹ́ Z tàbí B.

Ìhà yìí kan náà ní àṣà tó ti da orí ọ̀pọ̀ olùwádìí rú. Oko ló ni orúkọ, kì í ṣe ènìyàn. Bí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brinkmann bá fẹ́ ọmọbìnrin tó jogún oko Meyer, tó sì kó lọ síbẹ̀, Meyer ni yóò máa jẹ́ láti ọjọ́ náà, Meyer sì ni àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì á kọ ọ́ sí "Brinkmann genannt Meyer", ìyẹn Brinkmann tí wọ́n ń pè ní Meyer. Nígbà mìíràn wọ́n á lo "vulgo" tàbí "alias" dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ ìlà baba lọ sẹ́yìn láìmọ èyí yóò bọ́ sínú ìdílé ìyàwó láìfura. Ìjọba Prussia, tó ń ṣàkóso apá ńlá ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, ṣòfin ní 1822 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà láìgba àṣẹ, àṣà náà sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí lẹ́tà. Èdè Jámánì àtijọ́ ní ìró méjì tó wá di ọ̀kan náà lẹ́nu àwọn tó ń sọ èdè gbogbogbò lónìí. Ọ̀kan ni "ei" láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èkejì jẹ́ "i" gígùn tẹ́lẹ̀, tó wá yí padà di "ei". Lẹ́nu ará Bavaria, wọn kò dọ́gba títí di òní. Nítorí náà, àwọn akọ̀wé ìjọba Bavaria fi ojú ìwé yà wọ́n: wọ́n ń kọ "ai" fún ti àtijọ́, wọ́n ń kọ "ei" fún ti tuntun. Ti àtijọ́ ni ìró inú Meier. Ìdí nìyẹn tí A fi wọ inú rẹ̀ ní Bavaria, Swabia (ìwọ̀-oòrùn Bavaria) àti Austria, tí E sì dúró ní àríwá. Ní ti Y, kò ní ìró tirẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, I àti Y ń gba ipò ara wọn, Y sì dùn ún wò lójú akọ̀wé tó fẹ́ràn ìkọ̀wé aláràbarà. Ní ti E tó pòórá ṣáájú R nínú Mayr àti Mair, àwọn ará gúúsù ni wọ́n ń gbé fáwẹ̀lì ìparí ọ̀rọ̀ mì. Mayr wọ́pọ̀ ní gúúsù Bavaria àti Austria, Mair sì gbilẹ̀ ní Tirol, títí kan apá Tirol tó wà lábẹ́ Italy lónìí.

Ẹ fi àwọn ènìyàn tí ìtàn mọ̀ dán an wò. Lothar Meyer, onímọ̀ kẹ́mísírì tó to àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sí tábìlì lásìkò Mendeleev, ọmọ Varel ni ní àríwá, 1830. Papenburg, ní àríwá kan náà, ni ìdílé Meyer ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ojú omi ní 1795. Tobias Mayer, onímọ̀ ìràwọ̀, Marbach, 1723. Robert Mayer, dókítà tó kọ̀wé pé agbára kì í ṣòfò, ó kàn ń yí padà ni, Heilbronn, 1814: Swabia ni ìlú méjèèjì wà. Simon Mayr tó kọ orin opera, Mendorf ní Bavaria, 1763. Sepp Maier, aṣọ́lé Jámánì tó gba ife àgbáyé ní 1974, Metten ní Bavaria, 1944. Kò sí èyí tó yẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ Switzerland àti Alsace (tó wà lábẹ́ Faransé lónìí) ń ba ìlà tó mọ́ yìí jẹ́: gúúsù ni wọ́n, síbẹ̀ Meier àti Meyer ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Akọ̀wé Bavaria kò ní àṣẹ lórí wọn. Zürich ni wọ́n ti bí òǹkọ̀wé Conrad Ferdinand Meyer ní 1825.

Ṣọ́ra kí o má gbára lé lẹ́tà jù ṣáá. Ṣáájú ọdún 1876, bí àlùfáà bá ṣe gbọ́ orúkọ ló ń kọ ọ́. Ọkùnrin kan lè jẹ́ Mayer lọ́jọ́ ìrìbọmi, kó jẹ́ Maier lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kó sì di Mayr nínú ìwé òkú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1876 ni ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, Standesamt, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò Jámánì. Láti ìgbà náà ni ohun tí akọ̀wé bá kọ ti di ìdè. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní ìlú méjì sì lè tipa bẹ́ẹ̀ bẹ ìdílé méjì sílẹ̀ lójú ìwé.

Mélòó wá ni wọ́n? Ìjọba Jámánì kì í ka orúkọ ìdílé nínú ìkànìyàn. Nǹkan tí àwọn onímọ̀ orúkọ ní Freiburg àti Mainz gbé iṣẹ́ wọn kà ni àkọsílẹ̀ fóònù ilé ti Deutsche Telekom ní 2005: nǹkan bíi mílíọ̀nù 28 ìlà fóònù, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó tó 850,000 lóríṣiríṣi. Ọdún yẹn dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pa fóònù oníwáyà tì. Ènìyàn tó ń gbé Jámánì nígbà náà tó mílíọ̀nù 82. Ẹ pín 82 sí ọ̀nà 28, ẹ óò rí nǹkan bíi 2.9. Ìyẹn ni iye ènìyàn tó dúró lẹ́yìn ìlà fóònù kan, òun la sì ń fi ìlọ́po iye orúkọ.

Müller ní ìlà tó lé ní 250,000, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 740,000. Schmidt ní nǹkan bíi 190,000, Schneider nǹkan bíi 115,000. Meyer pẹ̀lú E àti Y lé ní 80,000, èyí tó jẹ́ ènìyàn tó lé ní 230,000, ó sì wà ní nǹkan bí ipò karùn-ún tàbí ìkẹfà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ìṣirò dúró, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe wà. Meier, Maier àti Mayer, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló wà láàárín orúkọ 100 tó wọ́pọ̀ jù. Bí a bá kó wọn pọ̀ mọ́ Meyer, wọ́n kọjá Schneider dáadáa. Ẹni tó bá sì kó ìdílé Meyer pọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe bákan náà fún Schmidt, kó fi Schmitt, Schmitz àti Schmid kún un, kó sì fi Möller ti àríwá kún Müller. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé orúkọ báyìí ló wà ní ipò báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: lẹ́tà ni o kà, tàbí ọ̀rọ̀?

Máàpù náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí ẹ bá ya iye gidi sórí máàpù, Berlin, Hamburg àti München ni yóò máa tàn fún orúkọ gbogbo, nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Iye nínú mílíọ̀nù kan ló yẹ ká wò. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tí a dá sílẹ̀ ṣe é: ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìlà fóònù 60,000, 600 nínú rẹ̀ jẹ́ Meyer, ìlú ńlá kan ní 600,000, 1,800 jẹ́ Meyer. Ìlú ńlá ní Meyer púpọ̀ jù lójú lásán. Ṣùgbọ́n ẹ pín in, kí ẹ sọ ọ́ di ti mílíọ̀nù: 10,000 ní ìjọba ìbílẹ̀, 3,000 péré ní ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ yẹn la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò fún orísun. Bí a bá ṣe é báyìí fún Meyer gidi, ìpínlẹ̀ Niedersachsen ló máa dúdú jù lórí máàpù, pàápàá àgbègbè Diepholz àti Nienburg láàárín Bremen àti Hannover. Ẹ rántí Meierrecht. Ilẹ̀ tó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di Meier náà nìyẹn.

Lẹ́yìn odi Jámánì, Meier ló tẹ̀ lé Müller ní Switzerland, Mayer sì wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Austria. Àwọn ará Netherlands ń kọ ọ́ sí Meijer. Ohun kan tún ń da máàpù rú: lẹ́yìn ogun 1945, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 àwọn ará Jámánì ni wọ́n lé kúrò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Àwọn tó dé Niedersachsen tàbí Bavaria gbé orúkọ ilé wọn dání, máàpù 2005 sì kà wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n sá wá.

A kò ní ṣàì mẹ́nu ba àwọn Júù, nítorí níbí ni orúkọ méjì tí kò bára wọn tan ti pàdé. Meir jẹ́ orúkọ àbísọ ní èdè Hébérù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń tan ìmọ́lẹ̀. Rábì ńlá kan ní Jámánì, Meir ti Rothenburg, tó kú sínú àtìmọ́lé ní 1293, ló ń jẹ́ ẹ. Orúkọ àbísọ yìí kan náà ni Mayer tó ṣáájú nínú Mayer Amschel Rothschild, onílé báńkì ti Frankfurt. Nígbà tí Austria pàṣẹ ní 1787 pé kí àwọn Júù ní orúkọ ìdílé tó dúró, tí Prussia sì ṣòfin tirẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1812, ọ̀pọ̀ ló fi orúkọ baba wọn Meir ṣe é, wọ́n sì kọ ọ́ bí àwọn aládùúgbò wọn ṣe ń kọ Meyer. Òǹkọ orin Giacomo Meyerbeer lẹ orúkọ Meyer ti baba ìyá rẹ̀ mọ́ Beer. Golda Meir, tó wá di olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ṣe é ní òdì-kejì: Meyerson ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì yí i sí ti Hébérù ní 1956. Ẹni tó bá rí Meyer tó sọ pé Júù ni dájúdájú ṣìnà. Ẹni tó sọ pé kò lè jẹ́ Júù ṣìnà pẹ̀lú. Orúkọ àbísọ àwọn òbí, ìlú àti ìwé ìsìn ló máa ń yanjú rẹ̀.

Orúkọ tó wọ́pọ̀ tó báyìí kì í ṣàì di ohun àfiṣẹ̀sín. Ará Jámánì tó bá fẹ́ fọwọ́ sọ̀yà máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ òun kò bá ṣẹ, kí wọ́n máa pe òun ní Meier. Ẹni tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ṣíṣe ju bó ti yẹ lọ, Vereinsmeier ni. Láti 1855, àwọn apanilẹ́rìn-ín méjì, Ludwig Eichrodt àti Adolf Kussmaul, ń tẹ ewì jáde lórúkọ akéwì àtọwọ́dá kan, Biedermaier. Inú orúkọ yẹn ni wọ́n ti fa Biedermeier yọ fún gbogbo àsìkò 1815 sí 1848, pẹ̀lú àga àti tábìlì rẹ̀.

Òfin náà gbà pé ó pọ̀ jù. Òfin tó ń darí yíyí orúkọ padà ti wà láti 1938, ìlànà ìjọba tó bá a rìn sì dárúkọ Meyer pẹ̀lú Müller, Schmitt àti Schulz gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí kò lè ya ènìyàn sọ́tọ̀ mọ́. Ẹni tó ń jẹ́ irú rẹ̀ lè fi èyí ṣe ìdí tí yóò fi béèrè àyípadà. Láti ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 2025, òfin tuntun tún jẹ́ kí tọkọtaya lè so orúkọ wọn pọ̀ kí àwọn méjèèjì sì máa jẹ́ ẹ. Ó ṣeé ṣe kí èyí dín ìdàrúdàpọ̀ kù. Fún ẹni tó ń ka orúkọ, ó fi kún un ni, nítorí Meyer-Weber kì í sí lábẹ́ Meyer nínú ìṣirò.

Fún ẹni tó fẹ́ wá Meyer kan pàtó, má ṣe wá lẹ́tà, wá ìró. Ní 1969, Hans Joachim Postel gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Kölner Phonetik, tó ń sọ lẹ́tà orúkọ di nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ìró rẹ̀. M àti N jẹ́ 6, L jẹ́ 5, R jẹ́ 7, gbogbo fáwẹ̀lì pẹ̀lú J àti Y jẹ́ 0. Bí nọ́ńbà kan náà bá tẹ̀ léra, ẹyọ kan ni kó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo 0 tí kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Meyer di 60007, lẹ́yìn náà 67. Maier jẹ́ 67, Mayr jẹ́ 67. Gbogbo mẹ́jọ ló wọ inú àwọ̀n kan. Àléébù rẹ̀ ni pé Neuer náà jẹ́ 67, nítorí N àti M kò yàtọ̀ níbẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, Sepp Maier àti Manuel Neuer, aṣọ́lé Bayern München méjèèjì, di ẹnì kan náà. Soundex, irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ti àwọn ará Amẹ́ríkà, ń fún Meyer ní M600, ó sì ń kó Moore mọ́ ọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa mú Niemeyer tàbí Obermeier wá fún yín. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ gbọ́dọ̀ wá àwọn wọ̀nyẹn.

Ṣáájú 1876, inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ óò lọ: Matricula ló ní ọ̀pọ̀ ti Kátólíìkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Archion ló ní ti Pùròtẹ́sítáǹtì, owó sì ni. Nínú ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Kurrent, E kékeré jọ N, Y sì sábà máa ń ní àmì róbótó kékeré méjì lórí (ÿ). Àmì yẹn kò yí ìró padà, ṣùgbọ́n àwọn tó da ìwé kọ sínú kọ̀ǹpútà máa ń sọ ọ́ di IJ, Meyer á sì di Meijer bí ẹni pé ará Netherlands ni. Bí ẹ bá bá orúkọ pàdé, ẹ kọ orúkọ oko àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní abúlé tó ní Johann Meyer mẹ́ta, nọ́ńbà oko ló mọ ta ni ta. Láti 1876, ìwé ìbí máa ń di gbangba lẹ́yìn ọdún 110, ti ìgbéyàwó lẹ́yìn 80, ti òkú lẹ́yìn 30. Nítorí náà, ìwé òkú ni ká fi bẹ̀rẹ̀: òun ló ń tètè ṣí, ó sì sábà máa ń dárúkọ òbí olóògbé.

Ó ku Myers ti Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ń kà mọ́ Meyer láìbéèrè. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Jámánì lóòótọ́, tí wọ́n tún orúkọ wọn kọ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ England láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ tiwọn sì lè ti inú ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ jáde, "mire", tó túmọ̀ sí oníṣègùn. Lẹ́tà inú Myers kò lè sọ èwo ni èwo. Ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi àti ìwé tí wọ́n fi gba ọmọ-ìlú ló ń sọ ọ́, nítorí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ilẹ̀ tí baba tó kọ́kọ́ dé ti wá.